Ẹ̀gbà Ọwọ́ Méjì àti Iwin Aláìlẹ́sẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ so ewúrẹ́ rẹ̀, kí ó tètè lọ báyìí, nítorí bí èmi Ọdẹ́níran ọmọ Ògúntádé bá ti la ẹnu, n kì í dúró de ẹni tó jáde, n kì í sì í padà sẹ́yìn fún ẹni tó sùn. Ẹ̀yin ni ẹ bi mí. Èmi kì í wá ọ̀rọ̀ sọ.

Tíṣà Ọ̀ṣúntúyì ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjò ọ̀sán òní ti lé gbogbo wa wọ inú àtíbàbà àwọn ọdẹ, ni Tíṣà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Ẹ̀gbà pupa kan wà ní ọ̀tún, dúdú kan wà ní òsì, irú àwọn ẹ̀gbà olówó pọ́ọ́kú tí ń ka ìṣísẹ̀ ènìyàn, tí ń ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, tí ń sọ bí ó ti sùn.

Tíṣà ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti lo irú wọn rí. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n dá padà fún ẹni tó ń tà á?"

Ìyá Gbádébọ̀, tó gbé agbada gàrí rẹ̀ sá wọ abẹ́ òrùlé pẹ̀lú wa, ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Tíṣà, má yọ Bàbá lẹ́nu jàre. Ṣebí o yá mi ní pupa yẹn lánàá? Mo jókòó ti agbada, mò ń yan gàrí, mi ò dìde rárá. Nígbà tí mo máa wò ó, ó ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn dé Ìbàdàn!"

"Bóyá ẹ̀mí yín ló lọ, Ìyá."

"Ẹ̀mí tèmi? Kò jẹ́ lọ síbi tí gàrí mi ò sí!"

Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó pa Ìyá Gbádébọ̀ lẹ́rìn-ín yẹn, díẹ̀ ló kù kí ó sọ mí di òkìtì ọ̀gán nínú igbó. Ohun mìíràn tí ẹ̀gbà pupa ṣe fún mi sì burú ju òkìtì ọ̀gán lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọdún keje rèé tí àìsàn ọkàn mú ìyàwó mi, Àwẹ̀ró. Àyà rẹ̀ á máa sáré bí ẹsẹ̀ ẹran tí ajá ń lé, á dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan, á tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí a sì máa ṣọ́ ọkàn náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa obìnrin, Ọdẹ́bùnmi, fi ra ẹ̀gbà méjì ránṣẹ́ sí wa láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Àwọn tó rọjú jù lọ lọ́jà ni. Agbára ọmọ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pupa lẹ́wà. Ojú rẹ̀ gbòòrò, ènìyàn lè rí i nínú oòrùn. Bí o bá ti gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀ lóòjọ́, á gbọ̀n jìnnìjìnnì mọ́ ọ lọ́wọ́, iná aláràbarà á tàn lójú rẹ̀, ohùn á sì jáde láti inú rẹ̀ pé, "Akin! Akin ni ọ́!" Ojú dúdú kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lọ́sàn-án gangan, àfi kí o fi ọwọ́ ṣíji bò ó kí o tó rí ohun tó kọ. Kì í yin ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó béèrè ṣájì, nígbà tí ti pupa kì í kọjá ọjọ́ márùn-ún. Bí Àwẹ̀ró bá so méjèèjì mọ́ ọwọ́ nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń sáré, dúdú á kọ iye tó ń dẹ́rù bani, pupa á kọ iye tó ń tu ni nínú. Pupa ni mo fẹ́ràn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ìbá fẹ́ràn rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Àwẹ̀ró ṣubú sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú igbá èlùbọ́ lọ́wọ́. Mo gbé e wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní. Nọ́ọ̀sì wá, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó mi orí. Àwẹ̀ró di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ibi yòówù kí ẹ máa lọ, ẹ má pẹ́."

Kí baba mi tó kú, ó sọ fún mi pé iwin kan wà ní ìsàlẹ̀ Igbó Ìmí tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń ṣọ́ igi kan. Ewé igi náà ń tú ọkàn tó bá ti ń dì. Ìbéèrè kan ni iwin náà ń bi ẹni tó bá wá já a: ìṣísẹ̀ mélòó ni o gbé láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ dé ọ̀dọ̀ mi? Ẹni tó bá ṣì í sọ, bó fi ẹyọ kan péré ṣì í, á di òkìtì ọ̀gán níbi tó dúró sí. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ kankan kò fi rí ewé náà mú wálé rí. Ta ni ó lè rìn láàárín igbó, kí ó máa yin ìbọn, kí ó máa sá fún ejò, kí ó sì tún máa ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀?

Mo wo ẹ̀gbà méjèèjì lórí àpótí. Mo so dúdú mọ́ ọwọ́ òsì, mo so pupa mọ́ ọ̀tún, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dá àwọn méjèèjì padà sí òdo. Mo ní lọ́kàn mi pé iwin yìí ti kú sí mi lọ́wọ́. Èmi tí ẹfọ̀n mẹ́ta fi ìwo dá ihò sí ní itan, tí mo sì jẹ ẹran àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Ọjọ́ kìíní, n kò rí nǹkan kan ju igbó lọ. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo jókòó sábẹ́ igi àràbà kan, mo wo pupa. Ó ku ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì kí ó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ọkàn mi ní kí n fi ẹsẹ̀ pamọ́ fún ọ̀la. Mo dìde. Mo yí igi àràbà náà ká, mo yí i ká, títí iye náà fi pé, tí ọwọ́ mi fi gbọ̀n, tí ohùn náà fi jáde: "Akin! Akin ni ọ́!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Mo gé igi gẹdú fún ọdún mẹ́rin; ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ìwé pẹ̀lú ojú tó ń pa dé. Yinni yinni kí ẹni ó ṣe míràn, wọ́n ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní ìgbésí ayé mi, ẹnì kan péré ló ń yìn mí, ẹni náà sì wà lórí ẹní. Ohùn yẹn wọ̀ mí lára bí omi gbígbóná ti ń wọ eegun lára nínú ọyẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ Igbó Arẹrù. Ojú ọ̀nà ni mo ti pàdé ohun kan tó ru ìdì igi tó tó ilé. N kò rí orí rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín nìkan ni mò ń rí lábẹ́ ẹrù náà. Ó ní, "Ọdẹ, o kú ìrìn. Bá mi sọ ẹrù."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni nínú wa tí ẹlẹ́rù á bẹ̀ lójú ọ̀nà tí á sọ pé òun kò ní bá a sọ? A kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí mo ti fọwọ́ kan ìdì igi náà ni ó fò kúrò lórí rẹ̀, ó sì bà lé orí tèmi.

Ohun náà na ara rẹ̀. Ó ní, "Áà! Ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo ti ń retí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Rù ú dé etí odò. Ka ìṣísẹ̀ rẹ sókè kí n máa gbọ́. Bí o bá ṣì í kà, a óò padà síbí bẹ̀rẹ̀."

Ìbọn mi wà ní èjìká, mo fi ọwọ́ òsì di ẹrù mú, mo ń ju ọ̀tún láti fi gba agbára. Mò ń kà. Ọrùn mi ń wọ inú àyà mi lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni kòkòrò wọ̀ mí ní ojú, n kò sì dúró nù ún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti igba ìṣísẹ̀ ni mo fi ẹnu mi kà kí n tó rí odò. Kò lé, kò dín. Bí ẹ bá jí mi láti ojú oorun, iye tí n óò sọ nìyẹn.

Bí mo ti sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó yẹ kí n sùn. Mo wo pupa, ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá. Mo yí òkúta etí odò ká pẹ̀lú ọrùn wíwọ́. "Akin! Akin ni ọ́!"

Lọ́jọ́ kẹta, mo dé Ìlú Olódó. Gbogbo obìnrin ìlú náà, ọrùn ọwọ́ wọn tó ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn jókòó lẹ́bàá odó kan tó ń fò bí ẹṣin tí kò fẹ́ gàárì. Ó ní, "Ọdẹ, o kò lè gba inú ìlú wa kọjá láìdáhùn. Kí ni à ń gún lójoojúmọ́ tí kì í kúná? Bí o bá ṣì í, wàá gún odó ní ẹgbẹ̀rún kan ìgbà, kí o tó tún dáhùn."

Mo ní òkúta ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọdẹ yìí, eyín ẹnu rẹ̀ ló fi ń ronú!" Wọ́n gbé ọmọrí odó fún mi. Mo fi ọwọ́ òsì gbá ẹnu odó náà mọ́ra kí ó má baà fò lọ, mo fi ọ̀tún gún un ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọn obìnrin náà ń kà á. Mo ní iyanrìn ni. Mo ní irin. Mo ní eyín erin. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ṣì í. Ẹgbẹ̀rún méje ni mo gún. Awọ àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó lẹ̀ mọ́ ọmọrí odó. Nígbà tí wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kẹjọ, n kò ronú mọ́. Mò ń wo ojú Àwẹ̀ró lọ́kàn mi, bí igbá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí èlùbọ́ ti funfun sí ilẹ̀.

Mo ní, "Ìbànújẹ́ ni."

Ìyá náà gba ọmọrí odó lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. O ti pẹ́ jù níbí."

Ṣé mo máa lọ? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pupa ní ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́wàá. Mo yí ògiri ìlú wọn ká. Ọwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó pè mí ní akin.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo já sí ibi tí igi náà wà. Òkìtì ọ̀gán kún ibẹ̀ bí ebè inú oko, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ènìyàn, iye kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni pé wọ́n fi ìka kọ ọ́ sí amọ̀. Iye tí wọ́n ṣì sọ ni. Iwin náà jókòó sáàárín wọn. Ó ga bí ọ̀pẹ bó tilẹ̀ jókòó, etí rẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni ara rẹ̀ parí sí. Kò ní itan, kò ní ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, ìṣísẹ̀ mélòó ni o gbé láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ dé ọ̀dọ̀ mi?"

Mo gbé ọwọ́ sókè tìgboyà-tìgboyà. Dúdú kọ 31,400. Pupa kọ 42,600.

Ìṣísẹ̀ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, àwọn ẹ̀gbà méjì sì fi ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ yàtọ̀ síra wọn! Ẹnu mi ti fẹ́ pe ti pupa, torí òun ni ọkàn mi fẹ́. Ojú mi bá ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà. Ó tẹ orí síwájú díẹ̀, bí ẹni tí ó dá ara rẹ̀ lójú. Mo pa ẹnu mi dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ẹ mọ̀ pé n kì í gbàgbé ìyà. Ọwọ́ wo ni mo fi di ẹrù mú nínú Igbó Arẹrù? Òsì ni, ọwọ́ dúdú. Ọwọ́ tó di ẹrù mú lórí kì í mì, dúdú kò sì mọ̀ pé mò ń rìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti igba tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi lọ́rùn, kò ka ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ wo ni mo fi gún odó? Ọ̀tún ni, ọwọ́ pupa. Mo dúró sójú kan, pupa ń ka ọmọrí odó mọ́ ẹsẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méje tí n kò rìn ni ó fi yìn mí.

Mo fi ìka kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo fi ti ẹrù kún ti dúdú. Mo yọ ti odó kúrò nínú ti pupa. Àròpọ̀ àti àyọkúrò bára wọn mu wẹ́kú.

Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì àti ẹgbẹ̀ta. Kò lé, kò dín."

Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀n. Iwin náà ní, "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́." Mo na ọwọ́ sí ewé. Ó ní, "Dúró. Mélòó nínú wọn ni ti Àwẹ̀ró?"

Mo ní, "Tirẹ̀ ni gbogbo wọn."

"Tún un rò, kí n tó gbọ́ ọ."

Ọkàn mi lọ sí ìdí àràbà. Ó lọ sí òkúta etí odò. Ó lọ sí ògiri Ìlú Olódó. Mo ro àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 1,860. Ìtìjú bò mí ju ẹ̀rù lọ. Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin àti ọgọ́ta kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo rìn wọ́n fún ara mi, kí nǹkan kan lè yìn mí."

"O ń yí igi ká, Àwẹ̀ró kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí rẹ," ni iwin náà wí. "Òtítọ́ lo sọ, ìdí nìyẹn tí o fi máa mú ewé lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í dá ohun tí a ti ná padà. Èmi tí n kò ní ẹsẹ̀, ìṣísẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni oúnjẹ mi. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí o fi ṣòfò, n óò jẹ ọjọ́ kan nínú ọjọ́ ayé Àwẹ̀ró."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi àyà lé ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ nínú tèmi."

"Ìwọ lo rìn ín. Òun ló dúró dè ọ́. Ọjọ́ tirẹ̀ ló dùn lẹ́nu mi."

"Mélòó ló ní tẹ́lẹ̀?"

"Ẹni tó bá mọ ìyẹn kì í sùn mọ́." Ó gba ẹ̀gbà méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó jù wọ́n sẹ́nu bí ẹ̀pà, ó fi ewé náà lé mi lọ́wọ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn kan tó gbé mi ju sí ẹ̀yìn ilé mi.

Mo fún omi ewé náà sí Àwẹ̀ró lẹ́nu. Kí oòrùn tó wọ̀, ó jókòó, ó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn aládùúgbò ń jó. Èmi lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọdún méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Nígbà tí n kò lè gbé e mọ́, mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń tẹ́ aṣọ sá. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́.

Ó ní, "Nígbà tí ẹ ń yí igi ká yẹn, kí ló ń yìn yín?"

"Ẹ̀gbà ọwọ́ ni."

Ó tẹ́ aṣọ náà tán. Ó tẹ́ òmíràn. Ó ní, "Bí ẹ bá tètè dé ni, Bàbá Ọdẹ́bùnmi, èmi ni mo máa yìn yín." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. N kò rí ìyà kankan nínú igbó náà tó tó ìyẹn.

Tíṣà, o bi mí èwo ni kí o mú. Dúdú á gbàgbé ohun tí o fi orí rù. Pupa á ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́ ti ẹsẹ̀. Bí ọkàn ẹnì kan nílé rẹ bá ń ṣàìsàn, mú dúdú, nítorí ó máa ń sọ ohun tí ènìyàn kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wù kí o mú, bí ó bá ń pè ọ́ ní akin nígbà tí ẹnì kan ń dúró dè ọ́, bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́.

Àwẹ̀ró kú lọ́dún tó kọjá, nínú ọyẹ́, lọ́sàn-án, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ wá kí mi, gbogbo yín pátá. Ẹ ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Mo ní ẹ ṣeun. Ọjọ́ rẹ̀ kò pé. Ó ku 1,860, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ kejì tí a sin ín ni mo ti ń kà wọ́n, láìsí ẹ̀gbà kankan lọ́wọ́ mi. Òní ni ó pé irinwó ó lé méjìlá. Òjò tó ń rọ̀ lórí wa yìí, tirẹ̀ ni. Ó yẹ kí ó wà lábẹ́ òrùlé yìí, kí ó máa bá Ìyá Gbádébọ̀ tọ́ gàrí wò, kí ó ní kò kan.

Nígbà tí àwọn ọjọ́ náà bá pé, bí mo bá ṣì wà, nígbà náà ni n óò tó jókòó ṣọ̀fọ̀ ìyàwó mi bí àwọn ọkọ yòókù ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ bá mi tọ́jú "ẹ kú ará fẹ́ra kù" yín di ọjọ́ náà.